Afẹ́fẹ́ Tí Ameenat Lọ Bù Lójú Òkun

Gbogbo èèyàn ló ń mí afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún nítorí afẹ́fẹ́ ni Ameenat, ọmọ Bàbá Bùràímọ̀. Ilé wa dojú kọra ní Ailegun, l'Èkó. Èmi ni Ìyá Kọ́láolúwa, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Bàọ́lọ́jì kí ìjọba tó ní kí n lọ sinmi. Ameenat wà lára àwọn tí mo kọ́. Mo tètè ń bínú, mo mọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ sì mọ̀ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbọ́ ọ títí dé òpin, torí ìbínú tèmi ló kù díẹ̀ kó ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́.

Ilé iṣẹ́ oògùn kan wà láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà n'Ìsọlọ̀. Nígbà tí àwọn tírélà bá ń fun fèrè mọ́ra wọn lẹ́nu géètì láàárọ̀, Ameenat ti wà nínú lọ́hùn-ún, ó ti wọ aṣọ funfun tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ń gbé àwọn àwo pẹrẹsẹ kéékèèké kalẹ̀ káàkiri yàrá tí wọ́n ti ń rọ oògùn ojú sínú ìgò. Ohun tó wà nínú àwo náà dì bí ẹ̀kọ tútù. Oúnjẹ àwọn kòkòrò àìfojúrí ni, àwọn tí à ń pè ní bakitéríà. Á ṣí àwo sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, á dé e padà, á wá gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tó máa ń móoru. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, kòkòrò kọ̀ọ̀kan tó bọ́ láti inú afẹ́fẹ́ sínú àwo náà á ti bí sí i débi pé yóò hàn sójú bí àmì róbótó. Ameenat á kà wọ́n. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, oògùn ọjọ́ yẹn ò ní jáde. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, òun ló ń sọ fún àwọn ọ̀gá ńlá pé kí wọ́n dúró, wọ́n á sì dúró wámúwámú.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Ó ta sípù, bọ́tìnnì àti òwú fún àwọn aránṣọ l'Ọ̀ṣòdì títí orúnkún fi ní òun ò lè ṣe é mọ́. Àjíbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Ameenat wà ní praimárì, ọkùnrin náà ò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan pé kí n kọ́ òun ní irun dídì, kí orí ọmọ òun má bàa máa rí játijàti nílé ìwé. Mo kọ́ ọ. Ìpàkọ́ ọmọ náà kì í tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kò di irun lọ.

Àṣà kan wà tí Bàbá Bùràímọ̀ ní. Kò sí ohun tó máa jáde nílé rẹ̀ tí kò ní ṣàdúà sí. Á jókòó sórí ẹní, á ka Kul-uwallahu láti inú Kùráánì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á gbé nǹkan náà súnmọ́ ẹnu, á sì fẹ́ èémí tó fi ka àdúà náà sí i, fúú, fúú, fúú. Ó fẹ́ ẹ sí ìwé tí Ameenat fi wọlé ìdánwò. Ó fẹ́ ẹ sí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú mi, ó fẹ́ ẹ sí oògùn mi pẹ̀lú, èmi ọmọ ìjọ Áńgílíkà, mo sì ṣe àmín tó dé òpópónà.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin ni Dókítà Tẹjúmọ́lá wá sílé iṣẹ́ Ameenat. Olùkọ́ yunifásítì ni, obìnrin tó gbẹ, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Ohun tó ń wá kò ju èyí lọ: ó fẹ́ mọ irú bakitéríà tó wà nínú afẹ́fẹ́ ojú agbami, níbi tí èèyàn ò ti lè rí ilẹ̀ rárá. Ó ní àwọn kan ń bá ìfóófòó omi gòkè nígbà tí ìgbì bá fọ́, àwọn mìíràn sì ń gun eruku wá láti orí ilẹ̀, wọ́n á wà lókè fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó já sílẹ̀. Èwo ló pọ̀ jù, ibo ni wọ́n sì ti wá? Ọkọ̀ òkun àwọn oníwàádìí kan máa gbéra l'Èkó lóṣù kìíní, wọ́n sì fún un ní àyè ẹnì kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò balẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó wo Ameenat lẹ́nu iṣẹ́ fún odidi wákàtí kan, ó ní, "Èyí ni mo ń wá."

Ó ṣèlérí fún un pé bí iṣẹ́ náà bá jáde láìlábàwọ́n, Ameenat á bẹ̀rẹ̀ oyè kejì lọ́dọ̀ òun, á sì tún padà sójú òkun lóṣù kẹjọ. Ọdún mẹ́rin ni Ameenat ti fi ń wá irú àyè yìí, fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló ti kọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já sí pàbó. Ní báyìí, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tó wà nínú àpótí kan.

Fílítà ni. Róbótó funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi búrẹ́dì tí à ń jẹ níbi ìdàpọ̀ mímọ́. Pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ á sì dúró sórí rẹ̀. Ọ̀rá onísípù márùn-ún ló wà nínú àpótí, mẹ́jọ mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà nínú mẹ́jọ wà fún iṣẹ́. Méjì tó kù jẹ́ ẹlẹ́rìí, bíláńkì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ameenat á gbé wọn sẹ́nu pọ́ǹpù bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò ní tan pọ́ǹpù, á tún gbé wọn padà. Bíláńkì ò gbọdọ̀ hu nǹkan kan. Bó bá hu nǹkan, a jẹ́ pé èèyàn ló kó o bá a, kì í ṣe òkun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ameenat máa lọ, ó gbé àpótí náà sí pálọ̀, ó lọ wẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Sùbúù tán. Ó wo àpótí náà. Wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù dì í yíká, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, ṣùgbọ́n Bàbá Bùràímọ̀ ò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ìrìn àjò ojú omi ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń lọ. Ó rò ó pé àdúà tí òun bá ṣe sára páálí, ara páálí náà ni yóò dúró sí. Ló bá rọra ṣí sẹ́lótéèpù. Ó mú ọ̀rá àkọ́kọ́, ó ṣí sípù rẹ̀ láìsí ariwo, ta ló mọ sípù jù ú lọ? Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fẹ́ ẹ sínú ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ dún, ló bá pa sípù dé, ó lẹ sẹ́lótéèpù padà. Inú rẹ̀ dùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó gbà pé àdúà tí a bá polówó rẹ̀ kì í lágbára mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ameenat lò lójú omi. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, èébì ló ń bì. Lẹ́yìn náà ló ń gun iwájú ọkọ̀ lójoojúmọ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọjú bọ̀ kó tó kan èèyàn kankan, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, á de fílítà mọ́ ẹnu pọ́ǹpù, á dúró tì í. Ó ní òun ò rí igi, òun ò rí ẹyẹ, omi nìkan ni. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ọyẹ́ dé bá wọn níbẹ̀. Ó yọ fílítà, ó rí i pé ó ti pọ́n bí ilẹ̀ àdúgbò wa, eruku aṣálẹ̀ tó máa ń bà lé wíńdò mi n'Ailegun ti rìn dé àárín òkun. Ó ní òun mọ̀ pé eruku yẹn ò dá wá, ẹ̀mí tín-ín-tín-ín ló gùn ún lẹ́yìn.

Ó padà dé, gbogbo wa yọ̀. Wọ́n kó àwọn fílítà lọ sí láàbù Dókítà Tẹjúmọ́lá, wọ́n gé díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí oúnjẹ kòkòrò. Lọ́jọ́ kẹrin ni Ameenat wọlé tọ̀ mí wá, kò yọ bàtà, kò kí mi.

"Mọ́mì Kọ́lá, bíláńkì ọ̀rá àkọ́kọ́ hù. Ó hù gan-an, yẹ́lò àti funfun, bíi ìgbà téèyàn wúkọ́ sí i."

"Àwọn bíláńkì yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n clean. Ṣùgbọ́n Dókítà ní tí a ò bá mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ ti wá, àwọn ò lè trust ìkankan nínú gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní kòkòrò ẹnu èèyàn ni. Wọ́n bi mí bóyá mo yọ ìbòmú. Mọ́mì, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò yọ ọ́!"

Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó fi wá àlàyé. Inú bí mi sí Dókítà yẹn débi pé mo bú u níṣojú ọmọ náà, ohun tí kò yẹ àgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ sílé wọn, torí mo mọ̀ pé kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Bàbá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun. Ameenat ṣàlàyé fún un pé èémí ẹnì kan ti wọ inú ọ̀rá kan kí òun tó lò ó, òun ò sì mọ ti ta ni.

Bàbá Bùràímọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọ̀rá wo ni?"

"Ti àkọ́kọ́, Bàbá. Èyí tó wà lókè."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. "Èmi ni," ló wí. "Mo ṣàdúà sí i. Mo fẹ́ ẹ sí i."

"Bàbá!" Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Ameenat, n kò gbọ́ kó pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ rí. "Bàbá, kí ló dé? Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí i? Ẹ ti bà á jẹ́! Gbogbo ẹ̀ lẹ ti bà jẹ́!"

"Mo ti ṣe àlùwàlá," ni ọkùnrin náà ń wí, bíi ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi omi yọ ẹnu mi. Ẹnu mi ò dọ̀tí, Ameenat."

Ọmọ náà ti jáde síta. Mo bá bàbá jókòó, mo ń ṣàlàyé fún un pé ẹnu gbogbo èèyàn ló ní kòkòrò, tèmi ńkọ́, ti ọba ńkọ́, pé kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀gbin. Ó ń mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ò wọ̀ ọ́ létí. Ohun tó dá a lóró kì í ṣe ẹnu. Ó rò pé àdúà òun ló ṣe ọmọ òun báyìí.

Mo wá jáde lọ bá Ameenat níbi ìdí tánkì omi. Ibẹ̀ ni èmi tíṣà ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti gba ọmọ èèyàn nímọ̀ràn pé kó purọ́. Mo ní, "Sọ fún un pé látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é ló ti bàjẹ́. Ta ló máa mọ̀? O ò ní gbé bàbá ẹ lọ síwájú obìnrin gbígbẹ yẹn kó wá fi í ṣẹlẹ́yà."

Ó nu ojú rẹ̀, ó ronú. Lẹ́yìn náà ló dá mi lóhùn, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì mi.

"Mọ́mì, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣe ọ̀rá márààrún. Tí mo bá ní àwọn tó ṣe é ló bà á jẹ́, wọ́n á da gbogbo ẹ̀ nù. Tí mo bá sọ pé bàbá mi ni, ọ̀kan péré ló máa lọ."

Ojú tì mí gidigidi, mo sì ń sọ ọ́ báyìí kó lè tán nínú mi.

Ó lọ sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní òun rò pé Dókítà máa rẹ́rìn-ín tàbí kó lé òun jáde, kò ṣe ìkankan. Ó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni bàbá fẹ́ ẹ, báwo ni ọ̀rá ṣe jìn sí ẹnu rẹ̀ tó, ọ̀rá mélòó ló ṣí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó mi. Lọ bá mi bẹ bàbá kí wọ́n wá."

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. Bàbá Bùràímọ̀ wọ jalámíà funfun tó fi ń kírun ọdún. Nígbà tí Dókítà Tẹjúmọ́lá rí i, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ láàbù, ó ní "Ẹ kú àárọ̀, sà," mo sì kó gbogbo èébú mi jẹ padà. Wọ́n gbé àwo mẹ́ta síwájú rẹ̀.

"Bàbá, bí ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ ṣe é."

Bàbá wo àwo náà. "Ìyá mi, ẹ má bínú. Mi ò lè ka Kùráánì láti fi mú ara mi lólè. Ṣé ẹ lè gba èémí lásán?"

"Èémí lásán ti tó, sà. Kò sì sí olè níbí."

Ó fẹ́ ẹ sí àwo kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tó gbà ń fẹ́ ẹ, bí ẹni tí iná rẹ̀ kọ̀ láti jò, ni mi ò lè gbàgbé.

Lọ́jọ́ kẹta àwọn àmì yọ, yẹ́lò àti funfun. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ yẹ ìran àwọn kòkòrò náà wò, wọ́n bá ti bíláńkì mu pátápátá. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo lára wọn nínú ọ̀rá mẹ́rin yòókù. Fílítà mẹ́fà lọ, mẹ́rìnlélógún dúró. Ohun tó wà lórí wọn sì ń jẹ́ kí Ameenat máa rẹ́rìn-ín lójú oorun: bí wọ́n ṣe ń jìnnà sílẹ̀ ni iye àwọn kòkòrò ń dín kù, àfi ọjọ́ ọyẹ́, tí irú àti ẹ̀yà tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ gun eruku wá láti aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú ìròyìn tí wọ́n kọ, Dókítà fi ìlà méjì sọ pé èémí ará ilé ló wọ ọ̀rá àkọ́kọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, àti pé ẹni tó ni èémí náà fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí. Ameenat wọ yunifásítì lóṣù kẹrin.

Àbí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn? Bàbá Bùràímọ̀ ò fẹ́ èémí sí nǹkan kan mọ́. Mo gbé gíláàsì ojú mi tuntun lọ bá a, ó ní, "Ìyá Kọ́lá, ẹ má jẹ̀ẹ́ n bà á jẹ́." Ó ń kírun, ó ń ṣàdúà nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gba èémí rẹ̀ padà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ameenat rí i. Ó tọrọ àforíjì fún ariwo tó pa, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bàbá á ní kò burú, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Ó dùn mí dé egungun.

Oṣù kẹjọ dé. Àpótí tuntun ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ní láàbù, ìyẹn ti di òfin. Ọkọ̀ tó máa gbé Ameenat lọ ń dúró níta. Mo ti rékọjá wá láti kí i. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ó dàbọ̀ o. Ọlọ́run á mú ẹ dé."

Bí ẹni tó ń kí ayálégbé. Ameenat gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Bàbá, ẹ ṣàdúà fún mi."

"Mo ti ṣe é lórí ẹní."

"Ẹ fẹ́ ẹ sí mi, Bàbá."

Ọkùnrin náà yíjú sí mi bíi kí n gba òun sílẹ̀. N kò gbà á. "Ameenat," ló wí, "o mọ ohun tó wà lẹ́nu mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kà á. Ẹ wò ó, kò sí àpótí níbí, Bàbá. Èmi nìkan ni."

Bàbá Bùràímọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọmọ rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sì fẹ́ ẹ.